Àlàfo Eyín Méjì

Ẹ́ńjìnnì náà kú ní ìgbà kẹrin láàárọ̀ ọjọ́ náà, Elétí ò sì mọ̀ pé ó ti kú. Ó ṣì tẹ orí sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń ṣe bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan, títí agbẹ̀bí tó ni ọkọ̀ fi yọ orí lójú fèrèsé.

"Bàbá, ó ti kú o!"

"Mo mọ̀," ni Elétí dá a lóhùn kíákíá. "Mo fẹ́ kó kú ni."

Irọ́ gbuu. Ó lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ń pe mẹkáníìkì yìí ní Elétí, nítorí pé kí ọkọ̀ tó dé ẹnu ọ̀nà gáréèjì rẹ̀ ni yóò ti sọ ohun tó ń ṣe é. Àmọ́ láti ọdún tó kọjá, etí ọ̀tún ti di ògiri, tòsì náà sì ń tẹ̀lé e. Kò sọ fún ẹnì kankan. Ta ni ì bá sọ ọ́ fún? Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́ta, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí sì ń gbé ní ìlú tó jìnnà. Bí ọmọ náà bá pè, ohùn rẹ̀ á máa dà bí omi tó ń hó nínú ìkòkò tí wọ́n dé. Elétí á ní "Ó dára, ó dára," á sì pa fóònù. Lóṣù tó kọjá, ọmọ náà kọ̀wé ránṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n sọ̀rọ̀ tán: "Bàbá, mo ní ara mi ò yá, ẹ ní ó dára." Láti ìgbà náà kò pè mọ́. Bàbá náà ò sì mọ ohun tí òun ó kọ padà.

Agbẹ̀bí sọ̀ kalẹ̀, ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká.

"Bàbá, lọ́sẹ̀ tó kọjá ó kú mọ́ mi lọ́wọ́ lójú ọ̀nà, ọmọ ti wáyé kí n tó dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Ẹ má bínú. Bí kò bá dáa kí aago méjì tó lù, n ó ní kí wọ́n wá wọ́ ọ lọ sí ilé iṣẹ́ ńlá ìkóríta yẹn."

Ó fẹsẹ̀ rìn lọ. Elétí mọ̀ pé bí wọ́n bá fi lè wọ́ ọkọ̀ yẹn jáde níbẹ̀, ọ̀rọ̀ òun parí nìyẹn, torí gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́, àfi òun nìkan.

Ó mú ẹ̀rọ kan jáde. Ọmọ rẹ̀ ló fi í ránṣẹ́ sí i, ohun pẹlẹbẹ kan bíi wàláà tó ní ojú gíláàsì, tó máa ń ya bí iná ṣe ń rìn nínú wáyà: bí iná bá gòkè, ìlà á gòkè, bí ó bá lọ sílẹ̀, ìlà á tẹ̀lé e. Oṣù márùn-ún ló fi wà nínú páálí. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì, bí ọmọ tó ń jí ẹran nínú ìkòkò.

Ó so ó mọ́ sẹ́ńsọ̀ tó ń ka eyín irin ẹ́ńjìnnì bí ó ṣe ń yí, èyí tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ìgbà tó yẹ kó ṣáná. Eyín tò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lójú gíláàsì. Lẹ́yìn náà, àlàfo. Òòyà tí eyín méjì ti kán níbẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Lánàá ló rí àlàfo yìí tí inú rẹ̀ dùn, tó pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀, tó sì ní kí agbẹ̀bí wá gbé ọkọ̀ rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ tuntun ló wà níbẹ̀ báyìí. Àlàfo ò kúrò.

Ó lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń jókòó síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí yóò máa fi í ṣẹ̀fẹ̀: "Bóyá kí èmi náà di ọkọ̀, kí ẹ lè máa gbọ́ mi." Àárò rẹ̀ sọ ọ́ gan-an. Ọkọ̀ àtijọ́ tí àwọn méjèèjì jọ ń gùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, èyí tí kò dáṣẹ́ sílẹ̀ rí.

Èyí tí kò dáṣẹ́ sílẹ̀ rí. Elétí dìde. Ó so ẹ̀rọ mọ́ ọn, ó ṣáná sí i.

Eyín, eyín, eyín, àlàfo.

Bí ọ̀bọ ṣe ṣe orí ni ìnàkí ṣe! Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bí gbogbo eyín bá dọ́gba, báwo ni kọ̀ǹpútà yóò ṣe mọ ibi tí kíkà ti bẹ̀rẹ̀? Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ló mọ̀ọ́mọ̀ fi àlàfo síbẹ̀. Ibi tára ti le ló ti ń fi oògùn sí láti àná.

Ó padà sídìí ọkọ̀ agbẹ̀bí, ó jẹ́ kó gbóná dáadáa. Lọ́tẹ̀ yìí kò wo àlàfo mọ́, àwọn eyín yòókù ló ń wò. Lójijì mẹ́fà pòórá, wọ́n padà, wọ́n tún pòórá, ọkọ̀ ń gbọ̀n. Ó fi igi ti wáyà sẹ́ńsọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbogbo eyín sì tò padà. Ẹ̀yìn páìpù sàlẹ́ńsà tó ń gbé èéfín jáde ni wáyà náà fara tì. Ooru ti jẹ awọ rẹ̀ tán. Ó pa iná, ó fi wáyà tuntun sí i, ó sì dè é jìnnà sí páìpù.

Nígbà tí agbẹ̀bí dé, ọkọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan gbáko. Elétí kọ ẹ̀yìn sí i, gíláàsì ló ń wò. Obìnrin náà fọwọ́ kàn án léjìká.

"Mo ní, ṣé ẹ ò gbọ́ bó ṣe dákẹ́ rọ́rọ́ ni?"

Ó kù díẹ̀ kí Elétí ní òun gbọ́.

"N ò gbọ́ ọ," ni ó wí. "Mo rí i ni. Etí mi ò ṣiṣẹ́ mọ́."

Obìnrin náà kọjú sí i dáadáa. "Ẹ wá rí mi lọ́sàn-án ọ̀la nítorí etí yẹn," ni ó sọ sókè ketekete, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Gáréèjì tún ṣófo. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú ló ti rò pé àlàfo tí ikú náà fi sílẹ̀ ló wà láàárín òun àtọmọ náà. Àṣé ibòmíràn ni wáyà ti jó. Ó mú fóònù, ó tẹ ibi tí wọ́n ti ń pe ènìyàn tí wọ́n á sì máa rí ojú ara wọn. Ojú ọmọ náà yọ. Ó ti rù díẹ̀.

"Má pa á, ọmọ mi. N ò gbọ́ ohun tó o sọ lọ́jọ́ yẹn. Etí mi ni. Tún un sọ fún mi, rọra sọ ọ́."

Ọmọ náà súnmọ́ fóònù, ó la ẹnu. Bàbá náà gbé fóònù súnmọ́ ojú, ó ń wo ètè rẹ̀.