Ẹni Tó Bá Pàtẹ́wọ́

"Ẹ ti fèrèsé yẹn dáadáa, oòrùn ń bọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n!"

Ṣóbọ̀wálé onílé ló pariwo. Dírẹ́bà ọkọ̀ obì ni, òun nìkan ló sì ní fídíò ládùúgbò wọn ní Ijoku, nílùú Ṣàgámù.

Fàsásì jókòó sẹ́yìn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Pẹ́ńsù wà nínú fìlà rẹ̀. Mẹ́sẹ́ńjà ìjọba ni. Lánàá, ọ̀gá rẹ̀ ní ọ́fíìsì pè é wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

"Mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ wo fíìmù àwọn ọlọ̀tẹ̀ ládùúgbò yín. Ẹni tó bá pàtẹ́wọ́ fún wọn, kọ orúkọ rẹ̀ wá. O mọ̀ pé abẹ́ ìjọba ológun la wà. O sì mọ̀ pé à ń dín òṣìṣẹ́ kù."

Fàsásì mọ̀. Ọmọ mẹ́fà ló ń bọ́.

Nínú fíìmù, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó kan jí mínísítà gbé, wọ́n fi í pamọ́ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀. Ọmọ́túndé, tó jẹ́ tíṣà, ló ń túmọ̀.

"Wọ́n ní àwọn máa gba ìlú lọ́wọ́ aninilára."

"Àwọn wo?" Ìyá Láídé ni. Ó ń ṣa obì nínú igbá tó gbé lé itan. "Àwọn tó ń wọ bàtà sùn yìí? Wọn ò lè gba ilẹ̀ yàrá, ìlú ni wọ́n fẹ́ gbà!"

Ẹ̀rín sọ. Fàsásì náà rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má baà fura. Nínú ọkàn rẹ̀, yẹ̀yẹ́ ni gbogbo wọn. Àwọn ọmọ olówó tó ń fi ìbọn ṣeré. Àwọn aládùúgbò tó jókòó ń wò wọ́n, tí wọ́n ń la ẹnu sílẹ̀.

Mínísítà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ń tọrọ omi.

"Ikùn yẹn náà ló gbé owó ìlú mì," Ṣóbọ̀wálé wí. "Kó máa sunkún lọ."

Ni ọlọ́pàá bá mú ọkùnrin kan tó ń bá àwọn ọ̀dọ́ náà gbélé. Wọn ò nà án. Wọ́n kàn fi àga kan hàn án pé kó jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ.

Ìyá Láídé pòṣé. "Wọn ò tíì gbá a létí o! Obì tó ní kòkòrò nìyẹn. Kì í ba ara rẹ̀ nìkan jẹ́, gbogbo agbọ̀n ni."

Fàsásì fa fìlà wálẹ̀ sójú. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ náà fo ògiri, tí ọlọ́pàá ò rí wọn mú, pálọ̀ pàtẹ́wọ́. Fàsásì yọ pẹ́ńsù àti ìwé pélébé kan. Ó kọ orúkọ.

Fíìmù parí, wọ́n ṣí fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ bá a kó tó ká ìwé náà tán.

"Fàsásì, kí lò ń kọ?" Ṣóbọ̀wálé bi í.

"Kò… kò sí nǹkan, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ ilé ọmọ mi ni."

Tíṣà ti já a gbà. Ó kà á sókè: "Ìyá Láídé. Bàbá onílé. Tíṣà."

Fàsásì ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ẹ dá a padà fún un," Ìyá Láídé wí. "Ìyá Láídé mélòó ló wà ní Ṣàgámù, ìwọ amí yìí? Adétóun Ọmọ́yẹni lorúkọ mi. Kọ ọ́ dáadáa, kí ọmọ rẹ lè jẹun."

Ó padà sídìí obì rẹ̀. Kò tún wò ó mọ́.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọ̀gá fi ìka méjì mú ìwé náà bí ẹni mú ẹ̀kúté tó kú.

"Ìyá Láídé? Bàbá onílé? Ṣé orúkọ èèyàn nìyí, akúrí?"

"Bí a ṣe ń pè wọ́n nìyẹn, sà."

"Kí lorúkọ obìnrin yìí gan-an?"

Orúkọ náà wà lórí ahọ́n rẹ̀. Àga kan wà níwájú tábìlì. Ọ̀gá nawọ́ sí i pé kó jókòó. Kò jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, sà," ni Fàsásì wí. "Mi ò kì í dárúkọ ẹni tó jù mí lọ."