Ìlà Pupa Lórí Ọkọ̀ Bàbá

"Sọ̀kalẹ̀ lórí àga yẹn! Mo ní kó o sọ̀kalẹ̀! Àbí etí ẹ ti di ni?"

"Etí mi ò di, Bàbá Kékeré. Irin yìí ló di."

Àbúrò bàbá Káfíńtà ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, awakọ̀ àgbà tí ohùn rẹ̀ lè dá ọkọ̀ ẹlẹ́rù dúró láìtẹ bíréèkì. Káfíńtà kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ó dúró lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ sáyé lọ, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà. Irin méjì ló dábùú orí ọkọ̀ náà, àwọn ni wọ́n máa ń di ẹrù mọ́. Ti iwájú wà níbi tó yẹ. Ti ẹ̀yìn ti sún lọ fara mọ́ ọn bí ọmọ tí ẹ̀rù ń bà. Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀kùn mẹ́fà fẹ̀yìn ti ògiri ṣọ́ọ̀bù, ilé ìwé kan ń retí wọn kí oòrùn tó wọ̀, ilẹ̀kùn kò sì ní jókòó lórí irin tó sún mọ́ra tó báyìí, àfi tó bá fẹ́ fò.

"Fi í sílẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe fi í sílẹ̀! Ọwọ́ òkú ló kẹ́yìn ibẹ̀. Lọ háyà ọkọ̀ míì!"

"Ta ló máa háyà ọkọ̀ fún ọmọ Okùn-Ara-Rẹ̀?"

Orúkọ tí ìgboro sọ bàbá rẹ̀ nìyẹn. Ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò máa ń bẹ̀ kó wá bá wọn di ẹrù ni o. Ọdún méje sẹ́yìn, ó kó ilẹ̀kùn sórí ọkọ̀ yìí, ẹrù dẹ̀ lójú ọ̀nà, ó páàkì, ó bọ́ sílẹ̀ kó lè tún un dì, ọkọ̀ ẹlẹ́rù kan sì gbá a. Ayé ò láàánú. Wọ́n ní okùn tó fọwọ́ ara rẹ̀ so ló pa á. Títí di òní, oníbàárà á wọ ṣọ́ọ̀bù ọmọ rẹ̀, á fọwọ́ pa ilẹ̀kùn lára, á yìn ín, á wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Iṣẹ́ yín dáa, ẹ ṣáà jẹ́ kí n wá gbé e fúnra mi." Ìyá Káfíńtà, tí ń ránṣọ lábẹ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, gbà á gbọ́ ju ìgboro lọ. Ó bá òkú jà. Ó yí àwòrán rẹ̀ kọjú sí ògiri, kò sì yí i padà mọ́.

Atẹ́gùn fẹ́. Irin ẹ̀yìn súfèé.

Ohùn náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó lọ sókè, ó dúró díẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀, gẹ́lẹ́ bí bàbá ṣe máa ń súfèé láàárín eyín rẹ̀ tó là nígbà tó bá ń wọn pákó. Láti ọdún méje ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá a máa yí rédíò sókè. Bàbá Kékeré, tó ti wa ọkọ̀ dé ibi tí ọ̀nà pin sí, kì í fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yìí kọjá. Káfíńtà nìkan ló ń dá a lóhùn. "Mò ń bọ̀," ló máa ń wí, láìmọ ibi tó ń bọ̀.

"O gbọ́?" Òógùn ti bo imú Bàbá Kékeré. "Inú ń bí i."

"Ẹni tínú ń bí kì í súfèé."

"Adúmáadán ọkọ mi," ni ìyá pè láti ojú fèrèsé. Orúkọ tó sọ Bàbá Kékeré lọ́jọ́ tó wọlé ọkọ nìyẹn, kò sì pè é ní òmíì rí. "Ẹ fi ọmọ sílẹ̀. Ilẹ̀kùn ló fẹ́ gbé, kì í ṣe ẹ̀yin."

Káfíńtà da kẹrosíìnì sí ẹsẹ̀ irin náà, ó fi àkísà nù ún. Ohun pupa kan yọjú.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó mọ̀ ọ́n. Bàbá rẹ̀ kì í fi sípánà fún irin kó má fàlà sí i. Tó bá ti fún un tán, á lọ jí ọ̀dà èékánná ìyàwó rẹ̀, á fa ìlà kan ṣoṣo láti ẹsẹ̀ irin dé orí irin gígùn tí ẹsẹ̀ náà tẹ̀. Bí ìlà bá já, irin ti sún nìyẹn. "Èékánná ìyàwó mi ló di ẹrù mi mú," á wí, á sì sá fún ìkúùkù.

Ìdajì ìlà ló wà lára ẹsẹ̀ irin yìí. Níbi tó tẹ̀, ìdajì kejì kò sí. Káfíńtà ń ha irin gígùn lọ sẹ́yìn, lọ sẹ́yìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìgbọ̀nwọ́ kan, kó tó kan ìyókù. Láàárín méjèèjì, irin ti bó, bí ìgbà tí nǹkan wọ́ kọjá níbẹ̀.

"Màmá, ẹ wá."

Ìyá jáde, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn.

"Ẹ wo ìlà bàbá mi. Ìdajì rèé, ìdajì rèé. Irin ló rìn lọ́jọ́ náà, Màmá. Okùn ò tú." Ó yíjú sí àbúrò bàbá rẹ̀. "Irin tó ń rìn nígbà yẹn, ta ló wá fún un pinpin báyìí? Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní sípánà rẹ̀ sọnù sójú ọ̀nà lọ́jọ́ tó kú."

"Ìpẹtà ni."

"Ìpẹtà kì í yí bóòtù!"

Ìyá ń wo irin. "Lọ́jọ́ tó ṣáájú ikú rẹ̀," ó wí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, "ẹ gbé ọkọ̀ yìí lọ kó àpótí yín, ọkọ mi."

Ewé kan kò mì nínú ọgbà. Irin náà súfèé.

Bàbá Kékeré fọwọ́ di etí méjèèjì. "Mo ti gbọ́! Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi!" Ohùn tó ń dá ọkọ̀ dúró ti gbẹ. "Àpótí kéré, mo sún irin. Nígbà tí mo dé, mo dá a padà sórí ìlà, mo ní tílẹ̀ bá mọ́ n ó fún un. Sípánà wà lápò mi. Kí n tó jí, ó ti lọ. Á ti wo ìlà, á ti rí i pé ó pé."

"Ẹ wá fún un nígbà wo?"

"Lẹ́yìn ìsìnkú."

"Fífún tí ẹ ò fún un fún alààyè, ẹ wá fún un fún òkú." Ìyá na ọwọ́. "Sípánà dà?"

Ó wà láàárín àwọn kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ ìdí Bàbá Kékeré, sípánà kékeré onígun mẹ́fà, tí ìfọwọ́pa ọdún méje ti sọ di dídán. Káfíńtà gbà á, ó tú bóòtù ọ̀tún, ó tú tòsì. Wọ́n ké kí wọ́n tó gbà. Síbẹ̀ ẹsẹ̀ irin kò kúrò lójú kan.

"Sọ̀kalẹ̀, ọmọ mi. Gbé òòlù onírọ́bà yẹn fún mi." Ìyá gun àga. "Adúmáadán ọkọ mi, ẹ bá mi di apá ọ̀hún mú."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

"Ọdún méje ni mo fi bú ọkọ mi." Gbì! Kò mì.

"Ọdún méje ni mo fi yí ojú rẹ̀ sí ògiri." Gbì! Ìpẹtà já wálẹ̀ bí èérún.

"Ẹ̀yin lẹ sì jókòó tì mí, tí ẹ ń nu omijé nù fún mi."

Gbà! Irin náà wọ́ ọwọ́ Bàbá Kékeré lọ sẹ́yìn, ìdajì ìlà pupa sì kan ìdajì.