Aṣọ Tí Kò Wà fún Títà

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ́ fóònù lọ́jà títà? Ní Old Market tiwa níbí, ní Lọ́kọ́ja, aṣọ tó dára jù la máa ń fi kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Kì í ṣe fún títà. Ojú oníbàárà la fi ń pè. Bí oníbàárà bá nàka sí i, a ó ní, "Wọ́n ti sanwó ẹ̀ o, ẹ wọlé wá wo ìyókù." Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Èmi Àdìjátù wá gbé ọgbọ́n yẹn lọ sórí fóònù, níbi tí mo ti ń ta híjáàbù. Mo bẹ ìyá mi kó yá mi ní sányán tí ìyá tiẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Òun nìkan ló kù lọ́wọ́ ẹ̀ nínú ẹrù ìyá náà. "Ya fọ́tò ẹ̀, kó o dá a padà sínú àpótí mi o," ló wí. Mo gbé fọ́tò náà síwájú ṣọ́ọ̀bù mi orí fóònù, mo fi owó gọbọi lé e kí ẹnikẹ́ni má baà rà á.

Nígbà tí ọjà ò tà mọ́, mo ṣe ẹ̀dínwó: ẹni tó bá ra híjáàbù mẹ́ta, á mú ọjà kan lọ́fẹ̀ẹ́. Mo rò pé bí ènì ni. Ẹni tó ń tà ló ń fọwọ́ ara ẹ̀ bu ènì, àbí? Àṣé lórí fóònù, oníbàárà ló ń yàn án! Obìnrin kan l'Ábújá, Sùmáyà, ra híjáàbù mẹ́ta tí owó wọn kéré jù, ó sì mú sányán. Àfọwọ́fà mi nìyẹn.

Mo pè é. "Ẹ dákun, ẹ̀gbọ́n mi, aṣọ ìyá mi ni."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin lẹ kọ ọ̀fẹ́ síbẹ̀. Àbí jìbìtì lẹ fẹ́ lù mí?"

Mo pe ilé iṣẹ́ tó ni ọjà orí fóònù náà. Wọ́n ní bí n ò bá fi ránṣẹ́, àwọn á ti ṣọ́ọ̀bù mi pa. Ṣọ́ọ̀bù yẹn la fi ń jẹun, òun la fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá mi. Omi ti pọ̀ ju ọkà lọ. Kí ni kí n ṣe? Ẹ sọ fún mi!

Mo rò ó fún ìyá mi. Ó dìde, ó mú aṣọ náà jáde, ó fọwọ́ pa á títí, ó ká a.

"Dì í dáadáa," ló wí. "Òjò ń ṣú."

Mi ò lè wo ojú ẹ̀. Sùrájù ọlọ́kadà dé, ó gbé e lọ síbi ọkọ̀ Àbújá.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Sùmáyà kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á: "Híjáàbù dára. Aṣọ ọ̀fẹ́ yẹn ti gbó, ó ń rùn káfúrà. Mo ti fún ọmọ ọ̀dọ̀ mi kó máa fi nulẹ̀." Ilé iṣẹ́ ní kí n tètè bẹ̀ ẹ́, kí orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi má baà bàjẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ẹ̀bẹ̀.

Ìyá mi wá jókòó tì mí. "Ṣé aṣọ náà ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀? Ṣé ó fẹ́ràn ẹ̀?"

Mo ní, "Ó fẹ́ràn ẹ̀ gan-an ni, Màámi." Mo sì ń tẹ "ẹ má bínú" lọ.