Ọsàn Wẹ́wẹ́ Tàíbátù

Aṣọ funfun ni Tàíbátù ń tà ní ọjà Arzèkè, kò sì sí àbàwọ́n tí agbára rẹ̀ kò ká. Bí ìṣó bá fi ìpẹtà pupa sára aṣọ, ọsàn wẹ́wẹ́ ni yóò fún sí i, yóò sá a sóòrùn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, aṣọ á tún funfun báláú. Ọgbọ́n tó bá lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ni, ó sì gbẹ́kẹ̀ lé e ju bó ṣe yẹ lọ.

Àmínù ọkọ rẹ̀ ń ru ẹrù ní ibùdókọ̀ ojú irin. Ayé kàmáráádì layé ìgbà náà, nígbà tí àwọn sójà tó ń ṣèjọba ní kí oníkálukú máa pe ẹnì kejì rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tọmọdé tàgbà ló ń jẹ́ ẹ, rédíò kò sì mọ̀ ju "ìjà ń tẹ̀síwájú" lọ. Bí ikọ́ sìgá bá gbo Àmínù jìgìjìgì tán, á nu ojú, á ní, "Kàmáráádì, ìjà ń tẹ̀síwájú!" Gbogbo agbolé wọn ní Albarika á bú sẹ́rìn-ín. Tàíbátù kì í bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ tí páànù ya Àmínù lẹ́sẹ̀, wọ́n pè é ní nǹkan kékeré. Òjò lọ, ọyẹ́ dé, egbò kò panu dé. Tàíbátù mú un lọ sọ́dọ̀ Adépéjú, nọ́ọ̀sì ọmọ Ṣábẹ̀ tó ń gbé ní Banikanni.

"Bàbá, sìgá yín ni," Adépéjú wí. "Ohun kan wà nínú ọsàn, nínú tòmátì, nínú ẹ̀fọ́, tó ń ṣọ́ ara wa. Òun ló ń bá iná èéfín jà, òun náà ló ń mú egbò san. Gbogbo sìgá tí ẹ bá fà ló ń jẹ ẹ́. Ẹ̀ṣọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára yín."

"Ẹ̀ṣọ́ wo? Ṣé àwọn sójà ni?"

"Ẹ fi ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀, bàbá. Ẹ máa jẹ ọsàn, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ jáwọ́ nínú sìgá. A kì í pọnmi sínú agbè tó ń jò."

Ọsàn nìkan ló wọ Tàíbátù létí. Èéfín tó lè mú eyín pọ́n, tó lè mú ìka pọ́n, kí ni ì bá jẹ́ bí kò ṣe àbàwọ́n? Láti ọjọ́ náà, bí Àmínù bá ti ju ìdí sìgá nù, ife omi ọsàn wẹ́wẹ́ ti dé iwájú rẹ̀.

"Ẹ mu ún, Bàbá Gàní, kó fọ èéfín kúrò."

Àmínù á mu ún, á fajú ro. "Ìyá Gàní, o ti fọ̀ ọ́ tán. Fún mi níná."

Sìgá tó ń fara pamọ́ fà tẹ́lẹ̀, lójú ìyàwó rẹ̀ ló wá ń fà á, ó sì ń pọ̀ sí i. Tàíbátù rí i. Ó kàn ń ra ọsàn kún ọsàn ni.

Nígbà tí ẹsẹ̀ Àmínù di dúdú, Adépéjú wá wò ó nílé. Ó rí èèpo ọsàn àti ìdí sìgá tí wọ́n jọ wà lójúkan náà lẹ́nu ọ̀nà. Tàíbátù ní òun ń fi ọsàn fọ èéfín kúrò ni.

"Màmá! Ta ló ní kẹ́ ẹ máa fọ̀ ọ́? Mo ní kí wọ́n jáwọ́ ni!"

Tàíbátù bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa èèpo ọsàn.

"Fìyàwó mi sílẹ̀ o," Àmínù wí látorí ẹní. "Aṣọ ló ń fọ̀." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ gbà á mọ́ ọn lẹ́nu.

Ọyẹ́ kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ tí Àmínù fi kú. Wọ́n ní kí Tàíbátù mú aṣọ funfun tí wọn yóò fi sin ín wá. Èyí tó dára jù nínú àpótí ló mú, àmọ́ irin àpótí ti fi pupa sí i létí.

"Fi sílẹ̀, Tàíbátù," àwọn obìnrin ń wí. "Ilẹ̀ kò níí wo ìyẹn."

Kò gbọ́. Ó la ọsàn wẹ́wẹ́, ó fún un, ó ra á, ó nà án sí oòrùn. Àwọn ààfáà ń retí níta.

Àbàwọ́n náà lọ. Ó lọ pátápátá, bí ẹni pé kò síbẹ̀ rí. Tàíbátù wá ká aṣọ náà lé orúnkún, ó dì í mú ṣinṣin, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.