Ìlà Mẹ́ta Tí Mo Yọ Kúrò

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìròyìn náà dé. Mo wà níbi iṣẹ́, mo ń bu omi nídìí ẹ̀rọ omi tútù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, nígbà tí fóònù mi dún. Màmá ni. Kò kí mi, Màmá tí kì í sọ̀rọ̀ kankan láìkọ́kọ́ béèrè bóyá mo ti jẹun.

"Níbo lo wà?"

"Ibi iṣẹ́ ni, mà."

"Ṣé o rí nǹkan jókòó lé?"

Mo jókòó sórí páálí bébà tí wọ́n kó sílẹ̀ níbẹ̀. Mo ti mọ̀ kó tó sọ ọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n ẹ ti fi wá sílẹ̀." Mo ń gbọ́ mímí rẹ̀, mo sì ń gbọ́ ariwo táyà kẹ̀kẹ́ aláìsàn kan tí wọ́n ń tì kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Omi ti kún ife mi, ó ń ṣàn sílẹ̀. Ẹlòmíì ló wá bá mi ti ẹ̀rọ omi náà.

Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú, ẹ̀gbọ́n mi pè mí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n pè yín padà." Mo ń ṣe nǹkan kan tí n kò tilẹ̀ rántí mọ́. Ó ní, "Kò burú, Kékeré. Mi ò lọ ibì kankan." Bó ṣe máa ń ṣàwàdà láti orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn nìyẹn. Mo ti ṣèlérí pé màá wá wò ó ní Sátidé ọ̀sẹ̀ náà.

Àwa méjì péré ni Màmá bí. Ọdún mẹ́wàá ló fi jù mí lọ, òun ló sì kọ́ mi ní iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Nínú kọ̀ǹpútà, ètò kan wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá tí gbogbo ètò yòókù dúró lé, bí ilé ṣe ń dúró lórí ìpìlẹ̀. Kánẹ́ẹ̀lì là ń pè é. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò rí ara wọn rí ló jọ ń kọ ọ́, lẹ́tà orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Igun kékeré kan níbẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi: dráífà atọpasẹ̀. Wọ́n á fi okùn so àpótí pélébé kan mọ́ kọ̀ǹpútà, dráífà yìí á sì máa kọ gbogbo ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe sínú àpótí, bí akọ̀wé ìjọ ṣe ń kọ ìwé ìpàdé. Bí ẹ̀rọ bá ṣàìsàn lọ́la, a ó mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó ṣàlàyé fún Màmá pé dráífà lòun ń kọ, Màmá káwọ́ lérí. "Mo rán ọmọ lọ sí yunifásítì, ó di dírẹ́bà!" Láti ọjọ́ náà títí tó fi lọ, "dírẹ́bà Màmá" ló ń pe ara rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìsìnkú, lẹ́tà kan dé. Òun ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ìwé orúkọ kan wà nínú kánẹ́ẹ̀lì tó ń sọ ẹni tó ń tọ́jú igun kọ̀ọ̀kan, kò sì tíì sí ẹni tó lọ yọ orúkọ rẹ̀. Àwa tó kù nínú ẹgbẹ́ kàn ń rí ẹ̀dà lẹ́tà náà gbà ni. Onímọ̀-ẹ̀rọ kan ní ilé iṣẹ́ rélùwéè ló kọ ọ́:

"Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́. Bí a bá yọ okùn àpótí nígbà tí dráífà yín ṣì ń kọ̀wé, kọ̀ǹpútà náà lódindi ń kú fin-ín fin-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó."

Mo ka "Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́" lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ọjọ́ mẹ́rin kọjá, ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Lọ́jọ́ karùn-ún, ẹnì kan tí n kò mọ̀ rí kọ̀wé pé: "Iṣẹ́ àìbìkítà. Ta ló ń tẹ̀ lé atọ́ka láìwò ó bóyá òfo ni?" Lẹ́yìn rẹ̀ ni alábòójútó àgbà, bàbá kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, kọ tirẹ̀: "Ẹni tó ni dráífà yìí ti ṣaláìsí. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tún un ṣe títí di ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó yọ ọ́ kúrò nínú kánẹ́ẹ̀lì."

Tábìlì Onítíì, ẹlẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́, ló kọjú sí tèmi. A ń pè é bẹ́ẹ̀ nítorí pé ife tíì kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló sọ èmi náà ní Jẹ́jẹ́.

"Jẹ́jẹ́, bí o bá tún wo lẹ́tà yẹn sí i, ojú ẹ á dá a lu."

"Wọ́n ní iṣẹ́ àìbìkítà ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe."

"Ìwọ ńkọ́? Òkú ò lè gbẹnu sọ fún ara ẹ̀, ìwọ tó o lẹ́nu, o fi ń mí nìkan. Dìde jàre, gbé kọ̀ǹpútà tí a fi ń dánrawò wá, ká yọ okùn."

Atọ́ka dà bí bébà pélébé tí a kọ àdírẹ́sì sí. Kì í ṣe ilé náà; ó kàn ń sọ ibi tí ilé wà ni. Nígbà tí àpótí bá wà lára kọ̀ǹpútà, àdírẹ́sì rẹ̀ á wà lórí bébà. Bí wọ́n bá yọ àpótí, wọ́n á nu bébà náà mọ́, yóò ku òfo. Ètò tó bá mú bébà òfo, tí kò wò ó, tó kàn korí bọ ọ̀nà, inú kòtò ló ń lọ. Bó bá jẹ́ ètò lásán ni, òun nìkan ni yóò ṣubú. Ṣùgbọ́n nínú kánẹ́ẹ̀lì, bí ìpìlẹ̀ bá ti yẹ̀, gbogbo ilé ló ń bá a lọ.

A yá àpótí lọ́wọ́ àwọn tó wà ní àjà kejì. Onítíì yọ okùn lẹ́ẹ̀kan, kò sí nǹkan. Ó yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀rọ náà kú, ó sì tẹ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn rẹ̀ sójú gíláàsì kọ̀ǹpútà, ìlà lórí ìlà, títí dé ibi gan-an tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀.

Mo ṣí ibẹ̀. Lóòótọ́, kò sí àyẹ̀wò kankan. Ó yà mí lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n mi, tó lè padà sílé láti ìdajì ọ̀nà nítorí pé kò dá a lójú pé òun ti ilẹ̀kùn?

Kánẹ́ẹ̀lì kì í gbàgbé. Gbogbo ìlà tó wọ inú rẹ̀ àti èyí tó jáde, orúkọ ẹni tó ṣe é wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìdí tó fi ṣe é. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdáhùn dé kí Onítíì tó mu tíì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìlà mẹ́ta ti wà níbẹ̀ rí. Ẹnì kan yọ wọ́n kúrò ní ọdún méje sẹ́yìn. Èmi ni.

Àtúnṣe àkọ́kọ́ tí mo fi ránṣẹ́ láyé mi ni. Ìlà kìíní nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í ṣe àṣẹ fún ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ sí ẹni tó bá ń kà á ni, ẹ̀gbọ́n mi sì ti kọ ọ́ ní èdè wa: "Àgò onílé o. Ó lè má sí ẹnì kankan nílé." Ìlà kejì ń wò bóyá atọ́ka ti di òfo. Ẹ̀kẹta ń sọ pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ẹ̀rọ yí padà ní jẹ́jẹ́. Mo ti kọ ọ́ tìgboyà-tìgboyà pé ìlà wọ̀nyí kò wúlò, pé kò sí ẹni tí yóò yọ okùn lẹ́nu iṣẹ́.

Lábẹ́ rẹ̀ ni lẹ́tà tí èmi àti òun kọ sí ara wa wà. Ó béèrè ohun kan ṣoṣo: "Ṣé o ti yọ okùn wò?"

Mo fèsì: "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Mo sì fi ìlà kan sí i tó jẹ́ pé, nínú iṣẹ́ wa, ìbúra ni: "Ẹni tó dán an wò," pẹ̀lú orúkọ mi.

N kò dán an wò. N kò tilẹ̀ ní àpótí lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Orí tábìlì rẹ̀ ló wà, ní ìlú mìíràn. Ojú ló ń kán mi kí orúkọ mi lè wọ inú kánẹ́ẹ̀lì. Bí ẹnì kan bá ti fi orúkọ rẹ̀ sí i pé òun dán nǹkan wò, a kì í tún un dán wò lẹ́yìn rẹ̀. Àṣà wa ni. Ẹ̀gbọ́n mi gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀: "Ó dáa. Káàbọ̀, Kékeré."

Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni àwa méjèèjì lọ. Wọ́n ti nà mí rí níbẹ̀ nítorí irọ́ tó kéré sí èyí.

Onítíì béèrè pé, "Kí lo rí?" Mo ní orí ń fọ́ mi.

Mo lè dá àyẹ̀wò náà padà kí n sì pa ẹnu mọ́. Dráífà kò ní kúrò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àìbìkítà yóò dúró sórí ẹni tí kò lè wí àwíjàre mọ́. Bí mo bá sì sọ òtítọ́, gbogbo ìgbà tí mo ti fọwọ́ sí i láti ọdún méje pé mo dán nǹkan wò, wọn yóò máa bi ara wọn pé, ṣé irọ́ kọ́ ni èyí náà?

Sátidé, mo lọ sílé Màmá. Mo bá a níwájú yàrá ẹ̀gbọ́n mi pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Màmá ní, "Àgò o." Ó dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wọlé.

"Màmá, ta lẹ ń kágò fún?"

"Yàrá ọmọ mi nìyí, àbí yàrá ta ni?"

"Kò sí níbẹ̀ mọ́, mà."

"Ṣé o rò pé orí mi ti dàrú ni? Mo mọ̀." Ó ń gbálẹ̀ lọ, kò wò mí. "Bí mo bá béèrè, tí ẹnikẹ́ni ò dáhùn, ẹsẹ̀ mi á ti mọ irú ibi tó ń wọ̀. Ọjọ́ tí mi ò béèrè, tí mo kàn já wọlé bí ẹni pé ó wà níbẹ̀, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo bá ara mi. Orí ni ò jẹ́ kí ìbàdí mi dá."

Fóònù ẹ̀gbọ́n mi wà lórí tábìlì, ó ń gba cháàjì. Àpótí pélébé náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a ti ká okùn rẹ̀ dáadáa, a sì fi rọ́bà dè é. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ló ká a.

Mo ní, "Màmá, mo parọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi." Mo jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, mo sì rò ó fún un, òfo, okùn, ìlà mẹ́ta, gbogbo rẹ̀.

Màmá fi ìgbálẹ̀ ti ògiri. "Ọdún mélòó nìyẹn?"

"Méje, mà."

"O wá fẹ́ kó pé mẹ́jọ ni?" Ó nu ojú rẹ̀. "Ẹ gbọ́ nǹkan o. Wọ́n ń bú dírẹ́bà mi pé kò mọ ọkọ̀ wà, àṣé ìwọ lo tú bíréèkì!"

Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Màmá jẹ́ kí n sun ún tó.

Nígbà tí mo ṣe tán, mo gbé kọ̀ǹpútà mi sórí tábìlì ẹ̀gbọ́n mi, mo dá ìlà kejì àti ẹ̀kẹta padà sí àyè wọn, mo sì so àpótí rẹ̀ mọ́ ọn. Màmá fa àga mọ́ra. Ó ní òun ni yóò máa yọ okùn.

"Ṣé n fà á?"

"Ẹ fà á, mà."

"Ó kú?"

"Kò kú."

"Ṣé n tún fà á?"

Ìgbà ọgọ́ta ni Màmá fa okùn náà, ó ń kà á sókè bí ẹni ń pe nọ́ńbà orin ìsìn. Ẹ̀rọ náà kò kú. Ní gbogbo ìgbà tó bá débi òfo, yóò wò ó, yóò sì yí padà ní jẹ́jẹ́.

Ọjọ́ Ajé, mo kọ àlàyé tó ń tẹ̀ lé àtúnṣe: "Ẹni tó kọ dráífà yìí ṣe àyẹ̀wò atọ́ka láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo yọ ọ́ kúrò ní ọdún méje sẹ́yìn. Mo sọ fún un pé mo ti dán an wò. N kò dán an wò. Àṣìṣe náà kì í ṣe tirẹ̀." Níbi tí a ti ń kọ ẹni tó dán an wò, mo kọ orúkọ mi àti orúkọ Màmá. Mo sì fi í ránṣẹ́.

Onítíì kà á tán lórí tábìlì rẹ̀. Ó gbé ife sílẹ̀, nǹkan tí kì í ṣe.

"Jẹ́jẹ́, a ti wá mọ̀ báyìí pé o máa ń parọ́. Tíì tí mo pò fún ẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó o ní ó dùn ńkọ́?"

"Kò dùn."

"Mo mọ̀! Mo mọ̀ ọ́n!" Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "O ṣeun, o jàre. Ó nira."

Ọjọ́rùú ni àwọn èsì dé. Onímọ̀-ẹ̀rọ rélùwéè kọ́kọ́ kọ̀wé: "Ó ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún ọ̀gá." Ẹni tó pe iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ní àìbìkítà kọ ọ̀rọ̀ kan péré: "Ẹ má bínú." Alábòójútó àgbà ló kẹ́yìn.

"Mo gbà á wọlé, dráífà náà yóò dúró. Láti ìsinsìnyí, bí o bá ní o dán nǹkan wò, fi ẹ̀rí rẹ̀ tì í. Ẹ̀tọ́ wa nìyẹn, má bínú. Ohun méjì ló kù. Dráífà yìí nílò olùtọ́jú; bí o bá fẹ́, fi orúkọ rẹ sí i. Èkejì, àyẹ̀wò tí o dá padà dúró lásán, kò sí ọ̀rọ̀ kankan lókè rẹ̀. Kọ nǹkan síbẹ̀, kí ẹlòmíì tí ojú ń kán má bàa tún yọ ọ́."

Mo fi orúkọ mi sínú ìwé àwọn olùtọ́jú, nísàlẹ̀ ti ẹ̀gbọ́n mi. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí ẹ̀dà àtijọ́, ti ọdún méje sẹ́yìn, mo fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ojú gíláàsì. Mo lè dà á kọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. N kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, pẹ̀lú àmì orí rẹ̀ bó ṣe fi wọ́n sí:

Àgò onílé o. Ó lè má sí ẹnì kankan nílé.

Mo dúró díẹ̀, bí Màmá ṣe máa ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ni mo fi í ránṣẹ́.