Báàgì Mọ́láyọ̀ ní Eddlecombe

"Ẹ wo òrùlé yẹn dáadáa. Koríko ni," Mọ́láyọ̀ wí, ó sì nàka sí tẹlifíṣọ̀n ńlá tó wà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀, níbi tí fọ́tò inú fóònù rẹ̀ ti ń hàn. "Koríko gidi. Ẹni tó ni ilé yẹn, olówó ni o."

Àwọn ará ìpàdé àdúrà àárọ̀ Sátidé rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti gbàdúrà tán, àkàrà ti kárí, snow ṣì ń bọ́ díẹ̀díẹ̀ sórí àwọn ilé tuntun tó jọra wọn ní Cornerstone, àdúgbò wọn ní Calgary, kò sì sẹ́ni tó ń kánjú àtilọ sílé. Ìyá Ògúnṣọlá, tó dàgbà jù láàárín wọn, ní òun ò mọ̀ pé òyìnbó náà ń fi koríko bolé. Ó ní lọ́jọ́ tí bàbá òun ṣí koríko kúrò lórí ilé wọn tó fi páànù kan án, gbogbo àdúgbò ló wá bá a yọ̀. Mọ́láyọ̀ dáhùn pé tí Eddlecombe yàtọ̀, ẹni tó bá ṣí koríko tiẹ̀ níbẹ̀, ìjọba á wá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Eddlecombe ni abúlé tí Tófúnmi, àbúrò Mọ́láyọ̀, ń gbé nílẹ̀ England, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan. Ọdún kẹrin rèé tó ti ń bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó wá kí òun. Mọ́láyọ̀ kì í sì í wá àwáwí tì: iṣẹ́ ẹnjiníà tó ń ṣe nílé iṣẹ́ epo, ọmọ, ìwé ìgbélùú PR tó ń retí, òtútù. Nígbà tó wá gbà nígbẹ̀yìn, ohun tó sọ lórí fóònù ni pé òun ò ní í wá jókòó sílé o, gbogbo nǹkan àtijọ́ tó bá wà nítòsí lòun fẹ́ fẹsẹ̀ rìn dé. Tófúnmi ní kò burú.

Wọ́n sì rìn lóòótọ́. Wọ́n dé ṣọ́ọ̀ṣì kan tó ti wà kí wọ́n tó bí baba ńlá ẹnikẹ́ni, níbi tí wọ́n ti fi òkúta gbẹ́ jagunjagun kan tó sùn gbalaja, tí ajá rẹ̀ sùn síbi ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n dé ilé ọlọ tó jẹ́ pé omi odò ló ń yí i. Wọ́n gun òkè lọ síbi ilé olódi kan tó ti wó. Mọ́láyọ̀ ń ya fọ́tò bí ẹni pé wọ́n máa kó abúlé náà lọ tílẹ̀ bá mọ́. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló padà sí Calgary, kò sì tíì sí ẹni tó kí i tí kò fi fọ́tò hàn.

"Àbúrò ìyàwó mi tún rèé," Ṣínà, ọkọ rẹ̀, wí, bó ṣe ń gbé tíì fún Ìyá Ògúnṣọlá. "Gbogbo ìjókòó tó wà ní England ló ti jókòó sí tán."

Wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín. Mọ́láyọ̀ náà rẹ́rìn-ín, nítorí pé òótọ́ ni. Lórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì, Tófúnmi jókòó. Lára ògiri ilé ọlọ, ó jókòó. Lẹ́nu géètì ilé olódi, orí òkúta kan ló wà. Nínú gbogbo fọ́tò náà, báàgì aláwọ̀ igi ti Mọ́láyọ̀ ló gbé sórí itan.

Mọ́láyọ̀ kò tíì ronú kan báàgì yẹn rí. Nílé wọn, wọn kì í ronú sí irú ẹ̀. Tí àbúrò bá rí ẹrù lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, á gbà á, ọ̀rọ̀ bùṣe. Kí wọ́n tó kíra tán ní pápákọ̀ òfuurufú ni Tófúnmi ti já a gbà léjìká rẹ̀, kò sì dá a padà títí di ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń lọ. Omi wà nínú rẹ̀, agbòjò wà níbẹ̀, bàtà àrọ́pò wà níbẹ̀, àti gbogbo ìgò jáàmù tí Mọ́láyọ̀ ń rà káàkiri.

Ibi tó ń rò ó dé nìyí tí fídíò fi bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohùn òun alára ló gba pálọ̀ kan.

"Ẹ bá mi wo ìyá arúgbó. Ẹni tí mo fọdún mẹ́jọ jù lọ ló ń mí báyìí. Tófúnmi, dìde jọ̀ọ́, wọ́n máa ti castle mọ́ wa síta."

Tófúnmi jókòó sórí àtẹ̀gùn òkè náà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì na ìka kan sókè pé kí wọ́n fún òun ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Lórí fóònù, ìka yẹn àti ẹ̀rín yẹn nìkan ni Mọ́láyọ̀ rí. Lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá yìí, ó rí ètè rẹ̀. Ó ti funfun. Tófúnmi di irin àtẹ̀gùn mú, ó dìde, ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó sì ń gun òkè lọ.

Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Ìyá Ògúnṣọlá kò rẹ́rìn-ín. "Mọ́láyọ̀," ó ní, "ṣé ara àbúrò rẹ yá?"

"Ara ẹ̀ yá, mà," Mọ́láyọ̀ dáhùn kíá. Bó ṣe sọ ọ́ tán ló mọ̀ pé òun ò bi Tófúnmi léèrè rárá. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n jọ lò, ó béèrè ọdún tí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ó béèrè orúkọ ajá olókùúta.

Ó ní òun ń bọ̀, ó mú fóònù, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí basement. Àpótí tó gbé lọ sí England ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀, àwọn ẹ̀bùn ṣì wà nínú rẹ̀. Tófúnmi gbé fóònù kíá, ó ń kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń béèrè Ayọ̀mídé, ọmọ rẹ̀. Mọ́láyọ̀ kò dáhùn ìkíni.

"Tófúnmi, kí ló ń ṣe ẹ́?"

Àbúrò rẹ̀ ní kò sí nǹkan kan, ó sì gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Mọ́láyọ̀ dákẹ́. Irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló fi ń mú kí Tófúnmi jẹ́wọ́ nígbà tó wà ní kékeré, ó sì tún ṣiṣẹ́. Tófúnmi ní fibroid ni, kókó tó ń hù nínú ilé ọmọ. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ti ń dà lára òun láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ̀jẹ̀ òun ti lọ sílẹ̀, wọ́n sì fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún òun lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí.

"Ṣé lẹ́yìn tí mo lọ ni wọ́n sọ fún ẹ?"

"Rárá, mà. Ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ wá yẹn gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún mi. Mo ní kí wọ́n sún un síwájú."

"Nítorí kí ni?"

"Sister mi, ọdún kẹrin. Tí mo bá sọ, ẹ lè máà wá mọ́. Tẹ́ ẹ bá sì wá, hospital lẹ máa jókòó tì mí sí. Ẹ ní ẹ ò fẹ́ wá jókòó."

Mọ́láyọ̀ jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó kọ́kọ́ fẹ́ jágbe mọ́ ọn pé kí ló dé tó fi pa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ra, nítorí ohun tí ẹ̀gbọ́n ń ṣe nìyẹn, ì bá sì rọrùn. Ojú tì í. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ ló fà gun òkè, kó lè wo ibi tí àwọn ọba òyìnbó ti dáná rí. Ó tún di ẹrù lé e. Ó tún ya fídíò rẹ̀, ó fi pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín.

"Má bínú," ó ní.

Tófúnmi ò retí ìyẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bẹ̀ ẹ́ rí láti ìgbà tó ti dáyé. "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, mà," ó ní. "Mo rí i pé ẹ gbádùn ara yín. Inú mi dùn."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Mọ́láyọ̀ ju èyí tó ṣáájú lọ.

Ṣínà sọ̀ kalẹ̀ wá pé àwọn àlejò ń béèrè rẹ̀. Mọ́láyọ̀ bo ẹnu fóònù, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó sì ní òun fẹ́ padà lọ. Ṣínà kò ta kò ó. Ó kàn rán an létí Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ tó yẹ kí Mọ́láyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í darí iṣẹ́ tuntun kan tó ti ń lé láti ọdún tó kọjá.

"You just got back from leave," ó ní. "Wọ́n máa gbé e fún ẹlòmíì o."

"Mo mọ̀," Mọ́láyọ̀ ní. "Tí wọ́n bá gbé e lọ, wọ́n ti gbé e lọ náà nìyẹn."

Ṣínà gbà. Ó ní òun á máa gbé Ayọ̀mídé lọ sí daycare, ó sì gòkè lọ bá àwọn àlejò.

Mọ́láyọ̀ gbé fóònù padà sétí. "Ta ló máa sìn ẹ́ lọ sí hospital lọ́jọ́bọ̀?"

"Bọ́ọ̀sì kan ń dé ẹnu ọ̀nà wọn, mà. Mo ti di báàgì mi sílẹ̀. Kò tiẹ̀ wúwo."

Mọ́láyọ̀ kúnlẹ̀ síwájú àpótí, ó fi èjìká ti fóònù mọ́ etí. Ó kó àwọn ìgò jáàmù jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sílẹ̀ẹ́lẹ̀ títí àpótí náà fi ṣófo.

"Gbé e sẹ́nu ọ̀nà, kó o má sì fọwọ́ kàn án mọ́," ó ní. "Èmi ni màá wá gbé e."