Ẹrù Kílò Mẹ́jọ

Atúnagogo-ṣe kan wà tí kì í fi agogo lé olówó rẹ̀ lọ́wọ́ ní ọjọ́ tó bá tún un ṣe. Agogo náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rìn fún ọjọ́ méje lórí pẹpẹ. Bí ó bá fi ìṣẹ́jú kan ṣoṣo yẹ̀, yóò tú u palẹ̀ padà. Nítorí èyí ni ìyàwó rẹ̀, tí í ṣe aránṣọ, fi ń pè é ní Ọ̀gá Ìṣẹ́jú. Òun náà ń pe ìyàwó ní Abẹ́rẹ́, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí obìnrin náà sọ tí kì í wọlé ṣinṣin.

Ọdún mọ́kànlélógún ni Abẹ́rẹ́ fi bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn méjèèjì rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun kí ogbó tó dé. Ọdún mọ́kànlélógún náà ni ọkùnrin yìí fi ń dáhùn pé, "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Ilé kò tíì parí, ọmọ kò tíì jáde ìwé, ìyá òun wà lórí àìsàn. Nígbà tí ilé parí, tí ọmọ wọ ilé ọkọ, tí ìyá náà sì papòdà, kò sí àwáwí tó kù lápò rẹ̀ mọ́. Ó ra ìwé àkọsílẹ̀ ẹlẹ́yìn líle kan, ó jókòó sídìí tábìlì, ó sì kọ ọ́ síwájú ìwé pé: Ọ̀sẹ̀ Márùn-ún, Orílẹ̀-èdè Mẹ́ta, Ẹni Méjì.

Ọmọbìnrin wọn bú sẹ́rìn-ín lórí fóònù nígbà tó gbọ́.

"Bàbá mi, ẹ̀yin tí ẹ kì í sùn níbòmíràn! Ẹ jẹ́ kí n bá yín wá ilé-iṣẹ́ tí yóò mú yín kiri."

"Kí wọ́n máa dà wá kiri bí ewúrẹ́? Ẹni tí yóò rìn ni yóò la ọ̀nà rẹ̀."

"Màmá mi ńkọ́? Ṣé wọ́n gbà bẹ́ẹ̀?"

"Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà," Abẹ́rẹ́ dáhùn láti ìdí máṣíìnì rẹ̀. "Bí bàbá rẹ bá ní kí a fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀, èmi ti wọ bàtà."

Bàbá kọ òfin sí ojú ewé kìíní. Òfin àkọ́kọ́ kà báyìí: Ẹlẹ́rù ní í gbé e níbi tó wúwo. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ni yóò di ẹrù tirẹ̀, òun náà ni yóò sì gbé e. Ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ti ẹnì kejì. Ó ní ìdí tó fi kọ ọ́. Àwọn yàrá òkè òkun tí apá wọn ká wà ní àjà kẹta àti ìkẹrin, àtẹ̀gùn nìkan ló sì dé ibẹ̀. Abẹ́rẹ́ rán àpò àgbékọ́yìn méjì láti ara aṣọ tó ki, aláwọ̀ eérú fún ara rẹ̀, aláwọ̀ búlúù fún ọkọ rẹ̀. Wọ́n fẹnu kò sí kílò mẹ́jọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Bí agogo ṣe ń rìn lórí pẹpẹ ni Ọ̀gá Ìṣẹ́jú ṣe fẹ́ kí ìrìn àjò náà kọ́kọ́ rìn nílé. Ní àràárọ̀ Sátidé, wọn yóò wọn àpò méjèèjì, wọn yóò gbé e kọ́ ẹ̀yìn, wọn yóò sì rìn dé ilé ìfìwéránṣẹ́ ní ìkòríta kí wọ́n tó padà. Ogójì ìṣẹ́jú ni. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò jókòó ti ìwé, tí wọn yóò ṣètò ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin: ọkọ̀ ojú irin wo, aago mélòó, yàrá ta ni, ẹni méjì. Abẹ́rẹ́ a máa ní kí ó tún un kà.

Káfíńtà tó ń gbé ní iwájú ilé wọn kò jẹ́ kí wọ́n gbádùn.

"Ọ̀gá Ìṣẹ́jú! Ṣé ìyàwó ló kó ẹrù yín síta ni? Ó tún wá ń sìn yín lọ!"

"Mò ń mú wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ ṣe ni," Abẹ́rẹ́ fèsì. "Bí wọ́n bá tún tèmi ṣe dáadáa, mo máa ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ."

Ní Sátidé mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ̀yìn ni Abẹ́rẹ́ ń wà, tó ń mí hẹlẹ. Ní ìkẹrin, bí ọkọ rẹ̀ ṣe gbé ìwọ̀n jáde, ó kọ̀ jálẹ̀. "Ṣé agogo ni èmi náà ni, tí ẹ ó máa wọ̀n mí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Mo ti mọ ohun tí kílò mẹ́jọ jẹ́." Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń bá ọkọ rẹ̀ rìn ní ẹsẹ̀ kan náà. Inú ọkùnrin náà dùn dé ẹ̀yìn. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé: Abẹ́rẹ́ kò mí hẹlẹ mọ́. Ìdánwò ń so èso.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kẹwàá, Abẹ́rẹ́ wà nílé ìwẹ̀. Ọkọ rẹ̀ mú agogo kékeré kan tó ní ìdérí jáde. Ó ti tún un ṣe ní ìkọ̀kọ̀, ó sì ti rìn fún ọjọ́ méje láìyẹ̀. Ó fẹ́ fi pamọ́ sísàlẹ̀ àpò aláwọ̀ eérú náà, kí ìyàwó rẹ̀ lè bá a níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní ìrìn àjò. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹ̀bùn kì í ṣe ẹrù. Ó di àpò náà mú, ó fi agbára gbé e bí a ti ń gbé ohun tó wúwo, ọwọ́ rẹ̀ sì fò sókè.

Ó ṣí i. Ègé aṣọ ló wà nínú rẹ̀, àwọn àjákù tó máa ń bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ máṣíìnì, tí a kì mọ́ fóòmù. Lábẹ́ wọn ni káàdì ilé ìwòsàn kan wà. Ẹni tó bá ń fi àkókò jẹun kò ní kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ méje ló wà lórí rẹ̀, Ọjọ́bọ̀ sì ni gbogbo wọn. Ọjọ́bọ̀ ni Abẹ́rẹ́ máa ń lọ ra òwú.

Ó rántí pé aṣọ ìyàwó òun kò fẹ̀ jù ú lára rí. Báwo ni yóò ṣe fẹ̀? Aránṣọ ni obìnrin náà, ó ń dín aṣọ rẹ̀ kù bí ó ṣe ń rù.

"Ẹ ti tú ẹrù ẹlẹ́rù," Abẹ́rẹ́ wí lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí ni dókítà sọ?"

"Ó ní jẹjẹrẹ ni, ó ti tàn kálẹ̀."

"Oṣù kẹwàá ni a ó lọ."

"Ó ní kí n má fojú sí oṣù kẹwàá."

Ọkùnrin náà jókòó sórí ibùsùn. Ó gbìyànjú láti ka iye oṣù tó kù, ó sì ṣì í kà.

"A ó fa ọjọ́ náà súnmọ́. A ó lọ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ọ̀gá Ìṣẹ́jú, n kò lè dé ìkòríta láìsinmi mọ́. Lánàá, ìdí máṣíìnì ni mo sùn sí."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Bí mo bá sọ ọ́, ẹ ó pa ìwé náà dé. Ẹ̀yin! Ẹ ó ní ó dìgbà kan ná." Ó jókòó tì í. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Mo ti fi ọdún mọ́kànlélógún gbọ́ ìyẹn. Mo fẹ́ gbọ́ ọ̀nà náà títí dé òpin. Ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n la ti ṣètò. Ó ku mẹ́fà."

Ọkọ rẹ̀ dìde, ó ṣí ìwé sí ojú ewé kìíní, ó sì fa ìlà nídìí òfin àkọ́kọ́. Ìlà kan kò tó o, ó tún fà á, títí tí ìwé fi ya. Ó gbé àpò búlúù kọ́ ẹ̀yìn, ó fi aláwọ̀ eérú kọ́ àyà. Ó ti gbé ẹrù rí, ṣùgbọ́n kò gbé ohun tó fúyẹ́ tó báyìí tí ó sì ni í lára bẹ́ẹ̀ rí. Abẹ́rẹ́ di apá rẹ̀ mú, wọ́n sì jáde.

Káfíńtà gbé orí sókè, ó la ẹnu láti dá àpárá. Ó wo ojú wọn, ó sì tẹ orí padà sórí pákó rẹ̀.

Ilé kẹta péré ni wọ́n dé. Abẹ́rẹ́ jókòó sórí ògiri kúkúrú tó wà níwájú ibẹ̀, ó ń mí.

"Ẹ ka ọjọ́ ọgbọ̀n fún mi."

"N kò tíì kọ nǹkan síbẹ̀."

"Ẹ kọ ọ́, mo ń gbọ́. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran."

Ó nu ojú. Ó fi ìwé lé orúnkún, ó kọ ọkọ̀ ojú irin, ó kọ aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú méje, ó kọ àjà kẹta. Ó ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè bí ó ti ń kọ ọ́. Nígbà tó kan iye ènìyàn, ó gbé kálàmù kúrò lórí ìwé.

"Ẹni mélòó ni ẹ kọ?" Abẹ́rẹ́ bèèrè. Ojú rẹ̀ wà ní dídì.

"Méjì," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn, ó sì kọ ọ́. Títí di ọjọ́ náà, kò kọ iye tí kò péye sínú ìwé kankan rí.